Nígbà tí wọ́n ní kí n má pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín

Iṣẹ́ àwàdà ni mo ń ṣe jẹun. Mo ń darí ètò níbi ìnáwó, mo sì ń ṣe àwọn fídíò kéékèèké tí àwọn èèyàn ń wò lórí fóònù. Àwọn aláwàdà ẹgbẹ́ mi ni mo ń kọ èyí sí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, tí ẹnì kan lè pè lọ́la pé kí wọ́n wá ṣe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú sinimá. Kò sẹ́ni tó la ọ̀nà yìí yé mi kí n tó gbà á. Bí ẹnì kan bá ti là á yé mi ni, ìyà tó jẹ mí ì bá dín kù.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló kọ eré náà, òun náà ló sì darí rẹ̀. Owó àpò rẹ̀ àti èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá jọ ló fi ṣe é. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn náà ṣàjèjì sí mi. Ọkùnrin kan wà n'Íbàdàn tó ń tún agboòrùn ṣe. Omíyalé Ògúnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 gbé ìyàwó rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti ní ìwé gbèsè kan lọ́wọ́. Ó kọ orúkọ òjò sí i, ó kọ gbogbo ohun tí òjò jẹ ẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, á gbé àga síta, á jókòó, á máa dógò ti òjò. Bí òjò bá rọ̀ tó dá, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé onígbèsè wá, kò san nǹkan kan. Bí ọ̀dá bá dá, á ní onígbèsè ti sá lọ.

Nígbà tí mo ka ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo fi máa kà á tán, n kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo pe olùdarí náà, mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ pé èmi ló wá wá, nígbà tí àwọn tó mọ ẹkún-ún sun nínú sinimá pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó mọ ẹkún-ún sun á sọ ọkùnrin yìí di ẹni àánú. N kò fẹ́ kí wọ́n ṣàánú rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà pé òjò jẹ ẹ́ ní gbèsè lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Àmọ́ àwọn àgbà tó wà nídìí iṣẹ́ wa kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní bí aráàlú bá ti rí ẹkún lójú aláwàdà lẹ́ẹ̀kan, ojú yẹn ni wọ́n á máa rántí nígbàkigbà tó bá fẹ́ dẹ́rìn-ín pa wọ́n. N kò já wọn níyàn, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tó fún mi láyà ni Ọ̀run Móoru, sinimá tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe ní 1982, tí Ọlá Balógun sì darí. Ẹni tó fi táì gbàǹgbà, awò ojú ràbàtà àti aago ńlá ọwọ́ pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín, òun ni wọ́n lù ní jìbìtì nínú eré yẹn títí tó fi fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀ ọ̀hún, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tí ì tó. Mo wò ó lórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo tún un wò lágbà, ọkùnrin tí ojú ń tì láti padà sílé ni mo rí. Bàbá ti ṣe ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbàgbé pé aláwàdà ni wọ́n.

Ìdánrawò ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo.

N kò mọ iye nǹkan tí ara mi ń ṣe láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan tán, mo máa ń dúró díẹ̀ kí ẹ̀rín lè ráyè wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìtàgé ló fi èyí kọ́ mi. Nínú eré yìí, kò sí ohun tó ń wọ inú àyè yẹn, ó kàn ń dá ọ̀rọ̀ gé ni. Ìpéǹpéjú mi ń gòkè. Ètè mi ń ṣù. Ọrùn mi ń nà síwájú bí mo bá fẹ́ béèrè nǹkan. Olùdarí kò bá mi jà. Ohùn mi nìkan ló gbà sílẹ̀ láìsí àwòrán, ó ní kí n jókòó gbọ́ ọ. Bí mo ti ń gbọ́ àwọn àyè tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀rín, tí ẹ̀rín kò sì sí níbẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹ gbọ́ ohùn ara yín kí ẹ tó wo ojú ara yín. Ojú á tàn yín, ẹ ó rò pé ẹ ń ṣe dáadáa.

Ó tún ní kí n wo Adam Sandler, aláwàdà ará Amẹ́ríkà, nínú Punch-Drunk Love tí Paul Thomas Anderson ṣe ní 2002. Aláriwo ni wọ́n mọ ọkùnrin yẹn sí nínú àwọn eré apanilẹ́rìn-ín rẹ̀, ẹni tí inú tètè máa ń bí. Nínú èyí, inú ṣì ń bí i, ó tilẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì nílé ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin rẹ̀. Àmọ́ a ti kọ́kọ́ rí àwọn arábìnrin náà, méje ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ṣẹ̀sín lójú gbogbo èèyàn. Àwọn tó ṣe sinimá náà kò gba ìbínú tó fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ìbínú náà ti ń ṣàn wá ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè: nígbà tí mo bá ń na ọrùn síwájú láti pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kí ni mo ń wá? Ìdáhùn tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ń wò ó bóyá wọ́n ṣì fẹ́ràn mi. A kò yọ ọrùn nínà kúrò mọ́. Ọkùnrin alágboòrùn ń na ọrùn wo ojú ọ̀run, ó ń wò ó bóyá onígbèsè ń bọ̀.

Ti ọwọ́ ló ṣòro jù. Ọwọ́ aláwàdà kì í jókòó. Mo gbìyànjú láti dì í mọ́ra, ó dà bíi pé wọ́n so mí. Nígbà tó yá, mo lọ bá bàbá kan tó ń tún agboòrùn ṣe ní Dùgbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi níṣẹ́. Kò mọ̀ mí rí, kò sì ní ìfẹ́ sí fídíò. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ egungun irin tó ti ṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so òmíràn mọ́ ojú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi òwú tó le gán etí aṣọ mọ́ ẹnu irin kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Òwú yẹn máa ń gé ọmọ ìka. Láti ọjọ́ tí ọwọ́ mi ti níṣẹ́, ojú mi fara balẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nínú sinimá yẹn, èyí ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí fún aláwàdà èyíkéyìí: ẹ wá iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ kọ́ ọ débi pé ẹ lè fi gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

Ọjọ́ tí a gbé kámẹ́rà dé ẹ̀bá odò Ògúnpa, ọmọdé kan ló kọ́kọ́ rí mi. Ó pariwo ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fídíò mi, kí a tó mọ̀ ọ́n, ojú ọ̀nà ti kún. Mo jókòó lásán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣí agboòrùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín jẹun kò lè gbọ́ ẹ̀rín kí ara rẹ̀ má dáhùn. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́. A kò rí nǹkan gidi kan yà lọ́jọ́ náà. Owó kámẹ́rà tí a yá, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó oúnjẹ, àti ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò gbà kí wọ́n tó jẹ́ ká dúró, gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú sinimá olówó kékeré, ọjọ́ kan tó bàjẹ́ lè jẹ owó ìparí eré.

Olùdarí ní kí a padà lọ láìgbé kámẹ́rà. Mo wọ aṣọ ọkùnrin náà, mo gbé àga mi, mo ń tún agboòrùn àwọn ará àdúgbò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń bá mi ya fọ́tò. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Ìyá kan gbé agboòrùn rẹ̀ wá, ó ní òwú tí mo fi gán an kò dára, ó sì bá mi ṣe gbólóhùn-asọ̀ gidi lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni olùdarí ní kí wọ́n lọ gbé kámẹ́rà wá.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ya òjò, ẹ gbọ́ èyí, yóò gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó. Òjò kì í hàn nínú kámẹ́rà bí iná bá ti iwájú tàn sí i. A gbé táńkà omi wá, a fi rọ́bà wọ́n ọn, mo tutù wìnrìnwìnrìn, ṣùgbọ́n nígbà tí a wò ó, ṣe ló dà bíi pé omi kankan kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó ń bójú tó iná gbé iná rẹ̀ lọ sẹ́yìn òjò, kí ó máa tàn bọ̀ wá bá kámẹ́rà, ni ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ariwo omi lórí agboòrùn tún máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. A kọ́ láti wọ inú yàrá kan tó parọ́rọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ká tún ọ̀rọ̀ sọ sínú ẹ̀rọ nígbà tí ohùn ọkùnrin náà ṣì wà lọ́fun mi. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn, ohùn ẹlòmíràn lẹ ó bá níbẹ̀.

Ó wá ku ìran tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, òru tí ọkùnrin náà dìde dúró nínú òjò, tó ka gbèsè náà sí òjò létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo dé àárín, àyà mi ń mì, ìdákẹ́jẹ́ náà wúwo jù fún mi. Mo wo òkè, mo ní, "Àbí o ò ní ṣéńjì ni?" Kò sí nínú ìwé eré. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó di kámẹ́rà mú pàápàá, àwòrán mì. Ara mi fúyẹ́. Olùdarí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá bá mi lábẹ́ agboòrùn, ó rọra sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dárí jì í."

Ó dùn mí. Mo ní ṣé òun kò gbọ́ tí àwọn àgbà wí pé bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á rín sí i ni? Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò tí ì kọjá ẹkún, torí kò tí ì sunkún rí. Inú fi bí mi, mo ní ó dáa, ẹkún náà rèé. Mo fi ìpara tó ń ta ojú sábẹ́ ojú mi, mo sun ún gan-an. Nígbà tí a wò ó, irọ́ ni. Ẹkún yẹn náà, ṣe ni mo ń fi béèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn mi.

Ìyá àgbà kan ló yọ wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ la ń kó ẹrù sí. Àdúgbò yẹn náà ló wà ní 1980, nígbà tí òjò rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 10, tí odò tí ilé àti pàǹtírí ti há mọ́ kò ríbi gbà mọ́. Ó ti ń wò wá láti ọjọ́ tí a dé. Mo kúnlẹ̀, mo bi í pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe sunkún lọ́jọ́ náà?" Ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ráyè sunkún? Iṣẹ́ là ń ṣe. À ń gbé páànù sókè, à ń wo abẹ́ rẹ̀. À ń gbé òmíràn. Ẹni tó bá ń sunkún, a ní kó lọ jókòó, torí kò ní jẹ́ ká wá èèyàn dáadáa."

N kò sọ ohun tí ó sọ fún olùdarí. Mo kàn ní kí wọ́n tan iná, kí wọ́n jẹ́ ká tún un ṣe. Mo mú kálámù sọ́wọ́. Mo ka ìwé gbèsè náà bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ka ọjà tó tà láwìn, mo ń fi kálámù sàmì sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò ọbẹ̀, ẹyọ kan. Bàtà ẹsẹ̀ òsì, ẹyọ kan. Aṣọ tó wà lọ́dọ̀ télọ̀, tí a ti san owó rẹ̀. Ẹni tó ń jí mi láàárọ̀, ẹyọ kan. N kò wo òkè. N kò sunkún. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ló ń nu ojú. Èyí tí ẹ rí nínú sinimá náà nìyẹn.

Èyí tó kàn kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́. Nígbà tí a ṣì ń ya eré náà lọ́wọ́, mo gba iṣẹ́ ìgbéyàwó kan, nítorí owó sinimá kò tó gbọ́ bùkátà. Mo gbé gbohùngbohùn sọ́wọ́, gbogbo àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu ń retí mi, ẹnu mi kò sì là. Àwàdà tí mo ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́, mo wá a tì. Orí ìyàwó ilé mi ló pé. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ọkùnrin yẹn wálé mọ́, kí n máa bọ́ ọ síbi tí a ti ń ṣiṣẹ́, kí n wẹ̀ níbẹ̀, kí n sì máa fi ìwé gbèsè náà sílẹ̀ lọ́wọ́ olùdarí. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí n tún máa rí oorun sùn nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Nípa ti ìnáwó, ẹ wá owó tí ẹ ó fi jẹun kalẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ sọ fún àwọn tó ni sinimá pé owó oúnjẹ ilé yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò. Ẹ má ṣe irú sinimá bẹ́ẹ̀ àti iṣẹ́ àwàdà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rò pé ìyà ti tán nígbà tí a parí. Ẹni tó gbà láti bá wa tà á ló ya pósítà tirẹ̀. Fọ́tò mi àtijọ́ ló lò, èyí tí mo la ẹnu gbàgà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ikùn á ro àwọn èèyàn fún ẹ̀rín. Kò sí nǹkan tí a kọ sínú ìwé àdéhùn nípa pósítà. Àwọn èèyàn san owó wọn wá gba ẹ̀rín. Nínú gbọ̀ngàn ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi gbogbo, títí kan ibi tí ọkùnrin náà ti ń wá bàtà ìyàwó rẹ̀. Ẹnì kan pariwo ọ̀rọ̀ inú fídíò mi. Nígbà tó di ìdajì, àwọn kan dìde, wọ́n ní a lu àwọn ní jìbìtì. N kò bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n rà kọ́ ni wọ́n rí. Ọ̀nà tí ẹ bá gbà kéde sinimá ló ń kọ́ èèyàn bí yóò ṣe wò ó, kí ó tó jókòó rárá.

Lẹ́yìn náà, a ta aṣọ funfun ní Ògúnpa, a fi eré náà han àwọn ará àdúgbò, láìsí pósítà kankan. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbẹ̀ náà, àmọ́ ibi tó yẹ ni. Nígbà tí ọkùnrin náà ní onígbèsè ti sá lọ, tó sì jẹ́ pé ọyẹ́ ló dé, àwọn àgbà ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu ara wọn léjìká. Nígbà tó ka ìwé gbèsè, kò sẹ́ni tó mí. Àwọn tí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 kàn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà ti 1980. Ọkùnrin kan wá bá mi, ó ní kí n fi máàlúù ẹ̀gbọ́n òun kún gbèsè náà, torí òjò kò san án. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó yé mi pé ẹ̀rín kọ́ ni ọ̀tá eré wa. Èyí tí mo fi ń sá fún ìdákẹ́jẹ́ ni kò yẹ níbẹ̀.

Ẹ̀dà ayédèrú jáde kí owó tí a ná tó padà. Ohun tó kó Bàbá Sàlá sí gbèsè nígbà ayé kásẹ́ẹ̀tì kò tí ì lọ, fóònù ló gbé e rìn báyìí. A rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà tí a fún èèyàn pé kó kọ́kọ́ wò ló bọ́ sóde, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rí bákan náà, a kò lè mọ ti ta ni. Ní báyìí, olùdarí wa máa ń tẹ orúkọ ẹni tó bá gba ẹ̀dà sórí àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Wọ́n ti tún pè mí sí òmíràn. Kí n tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ìwé ránṣẹ́ sí wọn: pé n óò fọwọ́ sí pósítà àti fídíò ìpolówó kí wọ́n tó gbé e jáde, pé kí wọ́n fún mi láàyè láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí mo fẹ́ ṣe, kí wọ́n sì san owó ẹni tó máa kọ́ mi, pé ibi wíwẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí a ó ti máa ya eré, pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé eré kún un, olùdarí lómìnira láti ní kí n tún un ṣe, n kò sì ní bá a jà. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀ àyàfi ti owó ẹni tó máa kọ́ mi níṣẹ́. Ìyẹn la ṣì ń dúnàádúrà lé lórí.